Ìyá Elélùbọ́, Ẹ Jẹ́ Kọ́mọ Padà Sí Yunifásítì Lọ́sẹ̀ Yìí!

Lẹ́tà kan wà níwájú mi tí n kò lè fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí ọjọ́ ń lọ mọ́ ẹni tó kọ ọ́ lọ́wọ́.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ n'Íbàdàn ló kọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wọ ọdún kejì ní yunifásítì kí àìsàn tó dá ìyá dùbúlẹ̀. Owó ilé-ìwé di owó oògùn. Ọmọ padà wálé, ó ń bá ìyá rẹ̀ tajà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣe sẹmẹ́sítà kìíní tán lẹ́yìn rẹ̀. Ní báyìí, ara ìyá ti yá, owó ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, sẹmẹ́sítà kejì sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní kí ọmọ dúró di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹlòmíràn ní ó ti parí, kó lọ tún JAMB ṣe. Ìyá wá ń bi wá pé: "Ṣé ọmọ lè wọlé láàárín ọdún? Kò kúkú sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ wálé."

Ìyá mi, ọmọ lè wọlé láàárín ọdún. Ẹ má jẹ́ kó dúró rárá. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ẹ fi parí lẹ́tà yín yẹn ló bà mí lẹ́rù.

Ìwé mẹ́wàá lèmi kà o, n kò wọ yunifásítì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìròyìn ń jẹ́ kí n bi àwọn tó mọ̀ léèrè. Sẹmẹ́sítà méjì ló wà nínú ọdún ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ̀ pé àìsàn ń bẹ, àìlówó ń bẹ, ọ̀fọ̀ ń bẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fàyè sílẹ̀ kí ọmọ lè tọrọ pé òun fẹ́ dúró nílé fún sẹmẹ́sítà kan tàbí ọdún kan. Lẹ́tà ló fi ń tọrọ rẹ̀. Lẹ́tà náà yóò gba ọwọ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé àgbà tí wọ́n ń pè ní rẹ́jísírà. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, àyè ọmọ ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n bó bá kàn pòórá, wọ́n lè kà á sí ẹni tó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, tàbí kí wọ́n fún un ní òdo nínú gbogbo ìdánwò tí kò ṣe. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Nítorí náà, kí ọmọ yín gbéra lọ́sẹ̀ yìí. Kó kọ lẹ́tà, kó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, kó so ìwé ọsibítù yín tó ní déètì mọ́ ọn. Kó gbé e dé ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka fúnra rẹ̀, kó sì jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà kan tí yóò mú wálé. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ kan kì í ṣe ti èkejì, n kò lè búra pé wọ́n á gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò bá yín ṣe é lábẹ́lẹ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Owó tí kò bá ní rìsíìtì ilé-ìwé, owó ẹ̀tàn ni.

Kí ló dé tí mo fi ń kán yín lójú? Òfin tó wọ́pọ̀ ní yunifásítì wa ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbi ìdá 75 nínú 100 ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ bá kọ́ kó tó lè jókòó ṣe ìdánwò. Nínú ẹ̀kọ́ 4, kó wà níbi 3. Sẹmẹ́sítà kan kò sì ju bí ọ̀sẹ̀ 15 lọ. Bí ọmọ bá fi ọ̀sẹ̀ 4 ṣe "mò ń bọ̀, mò ń bọ̀," ó ti bọ́ sí gbèsè nìyẹn.

Ẹ má sì retí pé yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Télọ̀ kì í kọ́ ọmọṣẹ́ ní ríran kọ́là kó tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn ara. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kọ́ọ̀sì kan ní sẹmẹ́sítà kejì ṣe dúró lórí ti sẹmẹ́sítà kìíní. Àwọn yẹn yóò dúró. Èyí tí kò nílò ìpìlẹ̀ ni yóò ṣe báyìí, yóò sì padà ṣe èyí tó fò nígbà tí sẹmẹ́sítà kìíní bá tún yí dé. Ó lè fi ọdún kan kún un. Ṣùgbọ́n bó bá dúró sílé títí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun, ti kìíní ti lọ, ti kejì náà á tún lọ. Ṣebí ẹni tó ta ìdajì ọjà sàn ju ẹni tí kò pàtẹ rárá lọ?

Ní ti owó, ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní NELFUND. Kò ní èlé. Tààrà ni owó ilé-ìwé ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìgbà tí ọmọ bá ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán tó ọdún méjì ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kó tó lè rí i gbà. Ẹ ò wa rí i pé lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì?

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́? Yunifásítì NOUN, tí ìjọba jí dìde, ń gba ọmọ tuntun láàárín ọdún. Kì í ṣe ìdánwò JAMB ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀, iye kọ́ọ̀sì tí apá ọmọ bá ká ló ń sanwó fún, wọ́n sì ní ibùdó n'Íbàdàn. Ọmọ á lè máa kàwé, á sì tún máa bá yín ta èlùbọ́.

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ fi ọmọ náà lọ́rùn sílẹ̀. Lọ́dún 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni ASUU fi daṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù 8 gbáko! Ọmọ olówó jókòó sílé, ọmọ tálákà jókòó sílé, ìgbà tí wọ́n padà, wọ́n ń bá ìwé wọn lọ. Ta ló fi wọ́n ṣẹ̀sín?

Ìyá elélùbọ́, pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ẹ kọ̀wé sí wa padà, kí ẹ sọ ibi tó já sí.