Ta ni kílọ́ọ̀bù ń kà mọ́ ìdílé?

Láti bí ọdún mélòó kan, irú ìbéèrè kan ti ń dé ọ̀dọ̀ wa láti ọwọ́ àwọn ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ tí iṣẹ́ gbé lọ sí Èkó tàbí sí Amẹ́ríkà. Ọkọ ń gba owó oṣù, aya ń gba tirẹ̀, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta wà nílé, ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́ sì ti sọ fún wọn pé: «Ẹ ò ṣe wá wọ kílọ́ọ̀bù wa?» Kì í ṣe kílọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù o, nígbà tí a dárúkọ rẹ̀ nínú kíláàsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti sáré pe Barcelona. Èyí tí a ń wí ni kọ́ńtírì kílọ́ọ̀bù: ibi ìgbafẹ́ tó ní ọgbà, pápá gọ́ọ̀fù, pápá tẹ́níìsì, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti ilé oúnjẹ, tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ bí kò ṣe ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kò ṣàjèjì sí wa. Abúlé wo ní ilẹ̀ Kétu ni àwọn ojúgbà kò ti ń ṣe ẹgbẹ́? Ọjà wo ní Àjàṣẹ́ ni àwọn obìnrin kò ti ń dá èsúsú, èyí tí ìwé Faransé ń pè ní tontine? Gbogbo wọn ló ní ẹnu ọ̀nà. A kì í ṣàdédé wọlé. Ẹnìkan ní láti mọ ẹni tó ń bọ̀, kí ó sì dúró fún un. Ẹni tó bá wí pé kílọ́ọ̀bù kò dára nítorí pé ó ń yan ènìyàn, kò tíì wo ilé ara rẹ̀ dáadáa. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni pé nínú ẹgbẹ́ tiwa, olúkúlùkù ló ń wọlé fúnra rẹ̀: bàbá ní tirẹ̀, ìyá ní tirẹ̀, ọ̀dọ́ ní tirẹ̀. Ní kílọ́ọ̀bù, gbogbo ilé ló ń gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá, lábẹ́ orúkọ ẹnìkan.

Ó yẹ kí a mọ ìtàn ògiri náà. Ní ọdún 1882, àwọn ọlọ́rọ̀ Boston dá The Country Club sílẹ̀ ní Brookline, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, kí wọ́n lè máa gun ẹṣin kí wọ́n sì máa sinmi jìnnà sí ariwo ìlú. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo irú rẹ̀ ń jẹ́ títí di òní. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba Júù, wọn kò gba aláwọ̀ dúdú, obìnrin kò sì lè wọ̀ ọ́ bí kò ṣe lẹ́yìn ọkọ. Nígbà tí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ jákèjádò Amẹ́ríkà, ó yọ kílọ́ọ̀bù aládàáni sílẹ̀. Ní 1990, nígbà tí ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá kan kù díẹ̀ kó wáyé ní Shoal Creek, ní Alabama, olùdásílẹ̀ kílọ́ọ̀bù náà sọ ọ́ síta pé àwọn kì í gba aláwọ̀ dúdú. Àwọn ilé iṣẹ́ yọ ìpolówó wọn kúrò, wọ́n sì yára wá aláwọ̀ dúdú kan fi ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan náà ni Augusta National, ní Georgia, gba aláwọ̀ dúdú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ti obìnrin di 2012, nígbà tí wọ́n gba Condoleezza Rice àti Darla Moore.

Èkó náà ní tirẹ̀. Ikoyi Club 1938 gbé ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ sínú orúkọ rẹ̀; àwọn òyìnbó ló dá a sílẹ̀ fún ara wọn. Ní 1943, Island Club bẹ̀rẹ̀, dúdú àti funfun papọ̀, Sir Adéyẹmọ Alákijà sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ yóò mọ irú ilé tó ti wá: ìdílé Àgùdà tó ti Bùràsíìlì padà, tó ń jẹ́ Assumpção kí ó tó gba orúkọ Alákijà ní 1913.

Bí a ti ń wọlé kò ṣòroó sọ. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ni yóò fà yín kalẹ̀, ẹlòmíràn yóò kín in lẹ́yìn. Wọ́n lè lẹ orúkọ yín mọ́ pátákó kí ẹni tó bá ní ohun tí yóò sọ lè sọ ọ́. Ìgbìmọ̀ yóò sì pe tọkọtaya láti bi wọ́n léèrè. Owó ìwọlé (droit d'entrée) kì í sábà padà, owó ọdọọdún sì ń tẹ̀ lé e. Ní àwọn ibì kan ní Amẹ́ríkà, owó ìwọlé dà bí ìgbà tí ènìyàn ra ìpín nínú dúkìá, a sì lè gba díẹ̀ padà lọ́jọ́ tí a bá ń lọ. Owó méjì wà tí ẹni tó ń pè yín kì í tètè dárúkọ. Èkíní ni iye oúnjẹ tí ẹ gbọ́dọ̀ rà níbẹ̀ lóṣù, ẹ jẹ ẹ́ ni o, ẹ kò jẹ ẹ́ ni o. Èkejì ni owó àtúnṣe tí wọ́n ń pín lé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lórí nígbà tí òrùlé bá jò tàbí tí pápá bá bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá dúró níbi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo. Nínú ìwé òfin irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ (règlement intérieur), ìdílé sábà túmọ̀ sí ọkọ kan, aya kan, àti àwọn ọmọ tí kò tíì ṣe ìgbéyàwó, tí wọn kò sì tíì kọjá ọjọ́ orí tí wọ́n dá. Ẹni tó bá ti ka gbólóhùn yẹn tán, kí ó wo inú ilé rẹ̀. Ìyá ọkọ tó wá láti Kétu láti bá wa tọ́ ọmọ: àlejò ni. Ọmọ àbúrò tó ti ń jẹ, tó ti ń sùn lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta: àlejò ni, àfi bí ìwé ilé ẹjọ́ bá wà. Àbúrò ìyàwó tó ń lọ sí yunifásítì: àlejò. Àlejò a sì máa san owó lẹ́nu ọ̀nà, iye ìgbà tó lè wá lóṣù sì lè ní òǹkà. Ẹ fojú inú wò ó: ọjọ́ Àìkú, ọmọ mẹ́rin ti wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ ìwẹ̀, a sì ní láti sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé ìgbà tirẹ̀ ti pé lóṣù yìí. Lójú wa, kò sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tó dára tó ohun tí a ó fi kọ́ ọmọ pé àbúrò rẹ̀ kì í ṣe àbúrò rẹ̀.

Èyí tó kù le jù bẹ́ẹ̀ lọ: orúkọ ta ló wà nínú ìwé? Bí ó bá jẹ́ ti ọkọ nìkan, aya lè wẹ̀, ó lè jẹun, kí ó má sì lè dìbò. Bí ọkọ bá kú, àwọn kílọ́ọ̀bù kan a gba opó láyè láti máa bá a lọ, àwọn mìíràn a ní kí ó tún ìwé kọ. Bí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ló sábà máa ń kù síbẹ̀, èkejì á sì di àlejò níbi tí òun náà ti san owó. À ń sọ èyí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ ń kà wá: bí ẹ bá ń dá ìdajì owó, ẹ béèrè bóyá orúkọ méjì lè wà nínú ìwé, ẹ sì béèrè kí ẹ tó dá a, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Ní ìlú bí Èkó, níbi tí ọmọ kò ti ní àgbàlá tó lè sáré nínú rẹ̀, ọgbà tó ní ààbò jẹ́ ohun ńlá, kí ọmọ sì mọ ìwẹ̀ kì í ṣe fàájì lásán. (Àwa tí à ń gbé etí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́, mélòó nínú wa ló mọ̀ wẹ̀?) Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ pín owó ọdún kan sí iye ìgbà tí ẹ mọ̀ dájú pé ẹ ó lọ, lẹ́yìn náà kí ẹ wo iye tí hòtẹ́ẹ̀lì ìtòsí ń gbà fún ìlúwẹ̀ẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín mú yín lọ lẹ́ẹ̀mejì, ní ọjọ́ Àìkú àti ní ọjọ́ lásán, kí àwọn ọmọ bá yín lọ. Ẹ wo bí wọ́n ti ń bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ wo bóyá àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń pe àwọn ọmọ yín sí eré, tàbí wọ́n kàn ń wò wọ́n. Ẹ béèrè ìwé òfin, kí ẹ kà á nílé, tọkọtaya papọ̀. Bí wọ́n bá ní ó di ẹ̀yìn owó kí ẹ tó rí i, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ní Èkó tàbí ní Amẹ́ríkà, ẹ kọ̀wé sí wa, ní Yorùbá tàbí ní Faransé. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ jù lọ ni bí wọ́n ti ń ka ìyá ọkọ.