Òfin Kan fún Gbogbo Kóòdù: Ìpè sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ṣọ́ Kọ́kọ́rọ́ Àṣírí

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù, àti ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ gbà wọ́n síṣẹ́, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ àṣírí ni mo bá wá. Ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń wọ sáfà, tàbí àkáǹtì tí owó ń gbà kọjá, ni mò ń wí. Ẹni tó bá ti ní i lọ́wọ́, onílé ni sáfà kà á sí.

Ní 2016, àwọn olè rí ọ̀nà wọ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ Uber ń kó kóòdù sí lórí GitHub. Wọ́n bá kọ́kọ́rọ́ sáfà Amazon nínú rẹ̀, wọ́n sì fi kó àkọsílẹ̀ mílíọ̀nù 57 èrò àti awakọ̀ lọ. Uber san 100,000 dọ́là fún wọn kí ọ̀rọ̀ má bàa jáde. Ó jáde ní 2017, nígbà tó sì di 2018, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 148 dọ́là fún àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Ti Toyota dùn mí ju ìyẹn lọ. Agbaṣẹ́ṣe kan gbé apá kan kóòdù T-Connect, ètò Toyota kan fún àwọn oníbàárà rẹ̀, síta ní oṣù Kejìlá 2017 pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ sáfà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i títí di oṣù Kẹsàn-án 2022. Àdírẹ́sì ímeèlì oníbàárà 296,019 ló wà nínú ewu fún nǹkan bí ọdún márùn-ún.

Kì í ṣe pé irinṣẹ́ tó ń wá irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ nínú kóòdù kò sí. Gitleaks wà, TruffleHog wà, detect-secrets tí Yelp ṣe náà wà, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé AKIA ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́rọ́ Amazon. Ẹ lè kọ́ wọn pé sk_live_ ló ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́rọ́ Paystack tí owó gidi ń gbà kọjá. Èyí tí kò ní àmì, wọ́n á wo bí lẹ́tà inú rẹ̀ ṣe dàrú tó.

Ibi tí a ti ń kùnà ni pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì òfin tirẹ̀, èyí tó ń sọ ohun tí irinṣẹ́ náà á máa wá. Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ dáadáa. Ẹnì kejì dà á kọ. Ẹnì kẹta pa òfin kan rẹ́ torí pé ó ń dá a dúró. Bí wọ́n bá fi irú kọ́kọ́rọ́ tuntun kún ọ̀kan, àwọn tó kù ò ní gbọ́. Ìlú tí oníbodè kọ̀ọ̀kan ń lo òfin ara rẹ̀ ni, olè á sì wá ibodè tó rọrùn jù.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí òfin wà lójú kan, kí fáìlì inú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kàn tọ́ka sí i. Apá tó ń jẹ́ extend nínú Gitleaks wà fún èyí gan-an. Ẹ fún òfin náà ní nọ́ńbà ẹ̀dà, kí àyípadà má bàa já lu ẹnikẹ́ni lójijì. Bí iṣẹ́ kan bá fẹ́ ìyọ̀ǹda, kí ó jẹ́ fún ìlà kan pàtó, kí ìdí rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀. Ẹ má yọ gbogbo àpò fáìlì ìdánwò kóòdù sílẹ̀ láéláé: ibẹ̀ gan-an ni a máa ń ju kọ́kọ́rọ́ gidi sí, pẹ̀lú èrò pé a óò yọ ọ́ tó bá yá.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ àwọn yàtọ̀, pé Python làwọn ń kọ, JavaScript làwọn yẹn ń kọ. Kọ́kọ́rọ́ ò mọ ìyẹn. AKIA kan náà ni nínú méjèèjì.

Ẹ má sì fi ìṣọ́ mọ sórí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ nìkan. Ẹni tó bá kọ --no-verify mọ́ àṣẹ git commit ti fò ó kọjá. Ẹ tún un yẹ̀ wò lórí sáfà kí kóòdù tó wọlé. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti jáde, ẹ fagi lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí Git, tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, kì í gbàgbé ohun tí ẹ pa rẹ́ lánàá.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ yan ẹni tí yóò máa tọ́jú fáìlì òfin yìí lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì kọ lílò rẹ̀ sínú àdéhùn gbogbo agbaṣẹ́ṣe yín.