Mo Ra Iṣu, Ẹ Ní N Má Fi Odó Mi Gún Un

Ewì lẹ máa ń bá lábẹ́ orúkọ mi nínú ìwé wa yìí, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, àríyànjiyàn ni mo gbé wá. Ẹni tí inú bá bí, kó gbé gègé tirẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀rẹ́ wa kan gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ rẹ̀ jáde. Apple kọ́ ló ṣe ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ètò Mac ló ń darí rẹ̀. Hackintosh ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin láàárín wa wò ó títí, ó ní, "Bọ̀dá, olè nìyí o." Yàrá dàrú! Èmi tí mò ń kọ́ Yorùbá ò sọ nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí mi ò mọ ìdí ọ̀rọ̀. Mo ti lọ wádìí ẹ̀ báyìí, mo sì ti padà dé.

Ẹjọ́ tí ọ̀rẹ́ wa amòfin ń tọ́ka sí ni ti Apple àti Psystar. Ní oṣù kẹrin ọdún 2008, Psystar, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Florida, bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ̀ǹpútà tí owó rẹ̀ kò tó ti Mac, tí Mac OS X sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù keje, Apple ti gbé wọn lọ sí kóòtù ní California. Ohun tí Apple gbá mú ni ìwé àdéhùn tó bá díìsì náà wá: kọ̀ǹpútà tó bá ní orúkọ Apple lára nìkan ni kí èèyàn fi í sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, Adájọ́ William Alsup dá Apple láre. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i ní 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì kọ̀ láti gbọ́ ọ ní 2012.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí ni Psystar wí? Wọ́n ní àwọn ra díìsì Mac OS X lọ́jà, pé àwọn sì ń fi ọ̀kan sínú páálí gbogbo kọ̀ǹpútà tí àwọn ń tà. Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n díìsì inú páálí yẹn kọ́ ni wọ́n lò. Ọ̀kan ni wọ́n fi sórí Mac, wọ́n dà á kọ, wọ́n yọ àwọn nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, wọ́n fi tiwọn rọ́pò, wọ́n wá ń da àdàkọ yẹn kọ sórí gbogbo ọjà wọn. Iṣu kan, iyán igba. Èmi akéwì ò lè gbè wọ́n lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ewì mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe fótókópì, tó gé ìlà mẹ́ta kúrò, tó sì ń tà á ní géètì, a máa jà gan-an ni.

Àmọ́ ẹ dúró ná. Ká ní mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ ewì náà pé abẹ́ igi máńgòrò nìkan ni kí ẹ ti kà á ńkọ́? Ká ní mo ní ẹni tó bá kà á lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti rú òfin? Ẹ ó fi mí rẹ́rìn-ín ni, ẹ ó sì jàre. Ta ló ra iṣu rí tí ìyá oníṣu ní kó má fi odó ẹlòmíì gún un?

Amẹ́ríkà pàápàá ti rí irú èyí rí. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wétà kan tí ń jẹ́ Bobbs-Merrill tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà á ní ohun tó dín ní dọ́là kan. Ilé ìtajà Macy's tà á ní sẹ́ǹtì 89. Ní ọdún 1908, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà sọ pé nígbà tí ìwé ti di títà, àṣẹ olówó ìwé lórí títà rẹ̀ ti parí. Báwo wá ni kọ̀ǹpútà ṣe bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí? Ọgbọ́n kan ni wọ́n dá: wọ́n ní àwọn kò ta díìsì náà fún wa rárá, wọ́n ní àyè láti lò ó nìkan ni àwọn fún wa. O sanwó, o gba rìsíìtì, o gbé páálí lọ sílé, síbẹ̀ o ò ra nǹkan kan! Ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn yìí ni kóòtù Amẹ́ríkà gbà ní 2011. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀tọ̀ lohun tí wọ́n rí. Ní 2012, nínú ẹjọ́ UsedSoft àti Oracle, ilé ẹjọ́ ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé bí èèyàn bá sanwó láti lo àdàkọ kan láìní gbèdéke ọjọ́, títà ni. Kí wọ́n máa pè é ní láísẹ́ǹsì kò yí i padà.

Ẹ lè ní Apple ló mọ bí iṣẹ́ òun ṣe gbọ́dọ̀ rí. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Apple fúnra rẹ̀ gbà láti 1995 kí àwọn bíi Power Computing máa ta kọ̀ǹpútà tó ń lo ètò Mac. Steve Jobs ló padà dé ní 1997 tó fòpin sí i. Ọ̀rọ̀ ọjà ni nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó pè é ní olè. Lónìí ńkọ́?

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ kan tí kò gbè mí. Láti 2013, Apple kì í gba owó ètò yìí mọ́. Inú owó ẹ̀rọ ló wà. Ẹni tó ra díìsì ní dọ́là 129 ní 2008 lè bá mi dúró lórí ọ̀rọ̀ iṣu. Ọ̀rẹ́ wa tí kò san kọ́bọ̀ fún ètò náà kò lè bá mi dúró níbẹ̀. Ó ṣẹ̀ sí àdéhùn, kí ó gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ olè kọ́. Ẹni tí a jà lólè, nǹkan rẹ̀ ò sí nílé mọ́.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Láti 2020 ni Apple ti ń fi ṣíìpù tirẹ̀ sínú Mac, ní 2025 ó sì kéde pé macOS Tahoe ló máa kẹ́yìn fún àwọn Mac tó ń lo ṣíìpù Intel. Ohun tó wà lórí ìwé àdéhùn tẹ́lẹ̀ ti wọ inú irin lọ. Ẹ lè bá ìwé jiyàn níwájú adájọ́. Ta ló ń bá irin jiyàn? Inú kọ̀ǹpútà ni ewì wa, lẹ́tà wa àti iṣẹ́ àṣekágbá wa wà. Bí a bá gbà lónìí pé ẹni tó sanwó kò ra nǹkan kan, lọ́la a ó béèrè ẹni tó ni ohun tí a kọ síbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi amòfin, ìwé wa ṣì ń bọ̀ ní tẹ́ḿù tó ń bọ̀. Dá mi lóhùn níbẹ̀. Tí o bá ń bọ̀, mú odó rẹ dání o. Iṣu wà nílé.