Orúkọ Tó Wà Lọ́rùn Ṣẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà wa yìí, orúkọ tó wà lọ́rùn aṣọ là ń kí kí a tó kí aṣọ. Bí ẹnìkan bá ra ṣẹ́ẹ̀tì òkìríkà, ọrùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yí síta: "Arrow ni o! Ti Amẹ́ríkà ni!"

N kò bá orúkọ jà. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, àwọn orúkọ wọ̀nyí sì nílé. Ìlú New York ni Brooks Brothers ti bẹ̀rẹ̀ ní 1818. Ìlú Troy, ní ìpínlẹ̀ New York kan náà, ni kọ́là Arrow ti jáde, nígbà tí wọ́n ṣì máa ń yọ kọ́là kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì fọ̀. Ní Troy yìí, ní 1864, àwọn obìnrin alágbàfọ̀ kọ́là dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ láti jà fún owó iṣẹ́ wọn. Ọwọ́ ènìyàn ló gbé orúkọ ga.

Lónìí ńkọ́? Ní 2020, gbèsè gbé Brooks Brothers lọ sí kóòtù, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ní Garland, North Carolina, sì kógbá sílé. Orúkọ kò kú, ẹlòmíràn ló rà á. Arrow tí èmi náà rà, mo yẹ inú rẹ̀ wò: Bangladesh ni wọ́n ti rán an.

Ohun tó fi dùn mí ni pé Makera ní Kàdúná ni mo dàgbà sí. Ní agbègbè wa àti Kakuri ni ìjọba Àríwá àti àwọn òyìnbó David Whitehead ti dá Kaduna Textiles sílẹ̀ ní 1957. United Nigerian Textiles tẹ̀lé e ní 1964. Òwú àgbẹ̀ wa ni wọ́n ń ran, tí wọ́n ń hun. Iná mànàmáná di ségesège, epo dúdú gbówó lórí, aṣọ fàyàwọ́ sì kún ọjà. Kaduna Textiles tilẹ̀kùn ní 2002. United tilẹ̀kùn ní 2007, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ju 4,000 lọ. Wọ́n tún un ṣí ní 2010, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó ti àtijọ́ mọ́.

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní àdúgbò wa fi ìka méjì pa Arrow mi wò. Ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe òwú nìkan ló wà nínú èyí." Ó ti fi ọdún mọ́kànlélógún hunṣọ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Wọn kò tíì san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tán dòní. Òkìríkà lòun náà wọ̀.

Mo mọ̀ pé àpò akẹ́kọ̀ọ́ kò jìn. Òkìríkà wà lọ́rùn mi bí mo ti ń kọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti fòfin de kíkó o wọlé. N kò ní kí ẹnikẹ́ni sun tirẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, aṣọ ẹgbẹ́ tí a óò dá fún Ọjọ́ Yorùbá lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí á bi ẹni tó ń tà á pé níbo ni wọ́n ti hun ún. Bí a bá rí èyí tí wọ́n hun ní Nàìjíríà, ká rà á, kódà bó fi díẹ̀ wọ́n jù, ká sì gbé e fún télọ̀ ẹnu géètì wa.

Lóòótọ́, aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yìí kan náà ló ní ènìyàn laṣọ mi. Ire o.