Ẹnubodè Tì, Yewa Ló San Owó Rẹ̀

Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè pa. Wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní ìparí 2020, ṣùgbọ́n Ìdí-Ìrókò, ẹnubodè ìhà Yewa wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣì wà ní títì títí di oṣù kẹrin 2022.

Mi ò bá ìjọba jà lórí ìdí tí wọ́n fi tì í. Ìrẹsì Thailand àti India tó ń gúnlẹ̀ sí Kùtọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ gba inú igbó wọlé, kò san owó ibodè. Àgbẹ̀ Kébbí àti Ẹbonyi kò lè bá irú ọjà bẹ́ẹ̀ du oníbàárà. Àmọ́ iṣẹ́ tó bá yọ ní Kébbí, ọmọ Ọjà-Ọ̀dàn ní Yewa níhìn-ín kọ́ ni yóò ṣe é. Ìyá tó ń dáná fún àwọn awakọ̀, alábàárù, ọlọ́kadà, àwọn wọ̀nyí ni oúnjẹ kúrò lẹ́nu wọn.

Oṣù kọkànlá ọdún 2019 yẹn kan náà ni wọ́n tún ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tí kò tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ẹni tí kò ru àpò ìrẹsì kan rí náà jìyà. Epo ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ń mu. Epo náà ni ọkọ̀ tó ń kó gàrí lọ sọ́jà ń mu. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ fàyàwọ́ ni wọ́n fi jẹ àgbẹ̀, ìyẹn kò sì tọ́ rárá.

Dídí ọ̀nà mọ́ ọjà òkèèrè lè mú iṣẹ́ wá o. Ìbèsè tó wà lẹ́bàá Ìlaròó jẹ́rìí sí i. Láti 2002 ni ìjọba Ọbásanjọ́ ti fi dandan lé e pé ẹni tó bá fẹ́ kó sìmẹ́ǹtì wọlé gbọ́dọ̀ máa ṣe é níhìn-ín. Ní 2012, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ Dangote ní Ìbèsè. Nígbà náà, wọ́n dínà, wọ́n sì kọ́ nǹkan. Ní 2019, wọ́n kàn ti ẹnubodè ni.

Nígbà tó wá di oṣù keje 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àgbàdo àti ìrẹsì òkèèrè lè wọlé láìsan owó ibodè fún 150 ọjọ́. Ẹni tó gbin àgbàdo sí Ayétòrò ti ra ajílẹ̀ lówó gọbọi kó tó gbọ́.

Ẹ̀yin aṣòfin wa láti Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn, kí wọ́n tó tún ti ẹnubodè tàbí kí wọ́n tó ṣí i gbayawu, ẹ béèrè ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Yewa: ọ̀nà oko, ẹ̀yáwó fún àwọn ọlọ́jà, ilé-iṣẹ́ tí yóò máa ra ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wa. Tí wọn kò bá rí nǹkan kan tọ́ka sí, ẹ má fọwọ́ sí i.