Ẹ Fi Yorùbá Là Á Yé Ọmọ
Ọmọ àbúrò mi kan n'Íṣẹ́ Èkìtì gbé iṣẹ́ àṣetiléwá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wá bá mi. "My mother, he go to market yesterday" ló kọ. Bàbá rẹ̀ ti ń jágbe mọ́ ọn. Mo ní kó ṣe sùúrù: ọmọ yìí kì í ṣe olódo! "Ó" kan náà là ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́. "Lọ" kì í sì í yí padà, ìbáà jẹ́ lánàá. Mo fi Yorùbá là á yé e, ojú rẹ̀ là. Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun, ẹ má fòfin de Yorùbá nílé nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ fọ́dún 6 gbáko. Àwọn ọmọ náà ta ẹlẹgbẹ́ wọn yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.