Ẹsẹ̀ Awakọ̀ Ló Ń Mu Epo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi lórí ohun kan tí ó ń gba owó lọ́wọ́ olówó àti tálákà ní ilẹ̀ wa, èyíinì ni epo bẹntiróòlù. Bóyá ẹlòmíràn yóò bèèrè pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti epo. Ó kàn án púpọ̀, n óò sì sọ ìdí rẹ̀ kí n tó gbé kálàmù sílẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ojú wa ti rí. Kí ó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà epo kan kò tó 200 náírà ní ilé epo NNPC ní Èkó. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di 488 náírà. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti di 998 náírà. Nínú ìnira yìí ni àwọn kan ti ń yí ojú sí ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ń pè ní háíbíríìdì, nítorí wọ́n gbọ́ pé kì í mu epo púpọ̀.

Háíbíríìdì ni ọkọ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì tí ń lo epo, tí ó tún ní ẹ̀rọ tí ń lo iná mànàmáná, tí àwọn méjèèjì sì jọ ń gbé ọkọ̀ rìn. Nínú àròkọ yìí, n óò máa pè é ní ọkọ̀ alágbára-méjì. Prius tí ilé-iṣẹ́ Toyota ṣe ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún títà. Oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni wọ́n gbé e jáde ní ilẹ̀ Japan. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ọkọ̀ tí a ń ki wáyà rẹ̀ bọ ara ògiri bí ẹni ń ki tẹlifóònù. Gbogbo agbára tí ó wà nínú bátìrì ọkọ̀ alágbára-méjì tí mò ń sọ yìí, láti inú epo tí a rà ni ó ti wá. Ohun tí ó fi ju ọkọ̀ yòókù lọ ni pé kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣòfò.

Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń ra ọkọ̀ yìí rò pé àwọn ti ra ìfowópamọ́ mọ́ ọn. Wọn kò rà á. Àǹfààní ni wọ́n rà. Ẹsẹ̀ ẹni tí ó ń wà á ni yóò sọ bóyá àǹfààní náà yóò di owó.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìṣirò díẹ̀. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ EPA máa ń wọn iye epo tí ọkọ̀ ń mu. Bí a bá yí ìwọ̀n wọn sí kìlómítà àti lítà, Toyota Camry ọdún 2010 oní-sìlíńdà mẹ́rin ń fi lítà kan rin bíi kìlómítà 9.4 láàárín ìlú, ó sì ń rin 13.6 ní òpópónà márosẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ alágbára-méjì nínú Camry ọdún náà ń rin kìlómítà 14 láàárín ìlú, ó sì ń rin 14.5 ní márosẹ̀. Ẹ tún un wò. Ní márosẹ̀, ìyàtọ̀ wọn kò tó kìlómítà kan. Àárín ìlú ni èrè wà, níbi tí a ti ń dúró, tí a tún ń lọ, tí a ń tẹ bíréèkì ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí ó bá ń rin igba kìlómítà láàárín ìlú lọ́sẹ̀ yóò sun lítà 21 nínú Camry àkọ́kọ́ yẹn, yóò sì sun lítà 14 nínú èkejì. Bí a bá fi 998 náírà ṣírò lítà méje tí ó wà láàárín wọn, ó súnmọ́ 7,000 náírà lọ́sẹ̀ kan. Owó oúnjẹ nìyẹn nínú ilé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ibi tí èrè náà wà yìí gan-an ni awakọ̀ ti lè bà á jẹ́ pátápátá.

Ó sì lè fi kún un. Ní ọdún 2005, awakọ̀ márùn-ún kan ní Pittsburgh ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń gba Prius kan wà lọ́wọ́ ara wọn títí táǹkì epo kan fi tán. Ó lé ní kìlómítà 2,000 tí wọ́n rìn. Kò sí ẹni tí ó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tún ṣe, bí wọ́n ṣe ń wà á ni. N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ gbìyànjú irú rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ta. Mo kàn fi hàn pé ọkọ̀ kan náà lè mu epo bí ẹmu lọ́wọ́ ẹnìkan, kí ó máa là á bí oyin lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Kí ni awakọ̀ yóò wá ṣe?

Èkínní, kí ó máa wo ọ̀kánkán, kí ó sì tètè fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tẹ bíréèkì. Nínú ọkọ̀ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo eré tí a fi epo rà ni bíréèkì ń sọ di ooru dànù. Nínú ọkọ̀ alágbára-méjì, bí a bá rọra tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ iná yóò di ẹ̀rọ tí ń pèsè iná, yóò fa ọkọ̀ sẹ́yìn, yóò sì dá díẹ̀ nínú agbára náà padà sínú bátìrì. Bí ìkòkò tí a gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni ó rí. Bí òjò bá rọ̀ wọ́ọ́wọ́ọ́, ìkòkò yóò gbà á. Bí ó bá dà gìrìgìrì, ìta ni èyí tí ó pọ̀ jù yóò dà sí. Ẹni tí ó sáré dé ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹlẹ́ni kí ó tó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gbàgà ti da omi sí ìta, nítorí irin bíréèkì ni yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó rí iná pupa lọ́ọ̀ọ́kán, tí ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kúrò kí ó tó dé ibẹ̀, omi kún ìkòkò rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí a gbà padà kì í tó ohun tí a ná. Nítorí náà, bíréèkì tí ó dára jù ni èyí tí a kò tilẹ̀ ní ìdí láti tẹ̀.

Èkejì, kí ó jáwọ́ nínú fíríì. Àṣà àtijọ́ ni láàárín àwọn awakọ̀ wa pé bí wọ́n bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, irú èyí tí ó pọ̀ ní Ìbàdàn, wọn a fi jíà sí fíríì, wọn a ní àwọn ń tọ́jú epo. Kò dára nínú ọkọ̀ kankan, nítorí pé ọkọ̀ lè gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni. Nínú ọkọ̀ alágbára-méjì, òfò ni pẹ̀lú. Bí jíà Toyota irú èyí bá wà ní fíríì, bátìrì kì í gba nǹkankan. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ìbá kún ìkòkò ni awakọ̀ da ìkòkò dé fún. Kí jíà wà ní D, kí ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó parí.

Ẹ̀kẹta, ìwọ̀ntunwọ̀nsì nínú eré. Àwọn kan gbọ́ pé kí àwọn rọra, wọ́n wá ń wọ́ bí ìgbín. Bí a bá ń wọ́ ọkọ̀ lórí bátìrì nìkan títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì yóò sun epo láti gbé bátìrì náà dìde, díẹ̀ yóò sì ṣòfò lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí bọ́tìnnì EV kì í fi í pa owó mọ́ bí wọ́n ṣe rò. Kí awakọ̀ gbéra bí ẹni tí ó mọ ibi tí ó ń lọ, láìkanra mọ́ ọn. Nígbà tí ó bá tó bíi kìlómítà 50 tàbí 60 ní wákàtí, kí ó dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yóò dákẹ́, ọkọ̀ yóò sì máa yọ́ lọ bí ọkọ̀ ojú omi tí a ti wà dé agbami. Bí eré náà bá ń rọ̀, kí ó tún fún un ní díẹ̀. Kí ẹ̀rù má bà á nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kò kú, ó sinmi ni. Awakọ̀ tí ó ń tẹ̀ ẹ́ kí ó lè gbọ́ ohùn rẹ̀ ń fi owó ra ariwo.

Ẹ̀kẹrin, eré ní márosẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó ń dí ọkọ̀ lọ́nà kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré. Bí eré bá kúrò ní 80 tí ó di 120, eré fi ìdajì pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n agbára afẹ́fẹ́ náà ti lé ní ìlọ́po méjì. Bátìrì kò lè gbà wá lọ́wọ́ èyí. Ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni òfin sì fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní márosẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sá 140 láti Ìbàdàn dé Èkó kò gbọdọ̀ bínú sí ọkọ̀ rẹ̀ bí ó bá dé ilé epo.

Àwọn tí ó kù kò le. Kí afẹ́fẹ́ táyà pé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Kí ẹrù tí kò wúlò kúrò nínú búùtù. Éésì ń jẹ nínú agbára bátìrì, kí á lò ó bí ooru bá ti mọ. Èyí tí àwa níhìn-ín gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn jù ni pé bátìrì ńlá náà ń mí: ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀gbẹ́ àga ẹ̀yìn ni ihò tí ó ń gba afẹ́fẹ́ tútù wà. Ẹni tí ó bá ti ọjà dé, tí ó gbé àpò gaàrí dí ihò náà, tàbí tí kò gbọn eruku rẹ̀ rí, ooru ni yóò ba bátìrì rẹ̀ jẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní Èkó kò gba gẹ̀lẹ́tẹ̀, pé bí ènìyàn bá fi àyè sílẹ̀ níwájú, dáńfó yóò kó sí i. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ó kó sí i. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ó gbà lọ́wọ́ wa? A ó tún bá a ní iná tí ó wà níwájú, òun ti tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àwa kò tẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn mìíràn yóò ní bátìrì rẹ̀ wọ́n. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Bátìrì tí ó ti kú lè gbé owó tí a fi ọdún pípẹ́ pa mọ́ mì, nítorí náà n kò ní kí gbogbo ènìyàn sáré lọ rà á. Ẹni tí yóò rà á, kí ó kọ́kọ́ mú mẹkáníìkì tí ó mọ irú ọkọ̀ náà lọ yẹ bátìrì rẹ̀ wò. Kí á sì má sọ ìfowópamọ́ di ikú: kí ẹnikẹ́ni má ṣe lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tírélà nítorí kí ó lè sá fún afẹ́fẹ́.

Wàyí o, kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá? Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ wọ́n sínú ìwé tí ó ń bá ọkọ̀ wá. Nígbà mìíràn ìwé náà ti sọnù kí ọkọ̀ tó dé èbúté. Nígbà mìíràn ọ̀gá ni ó mú un pa mọ́, awakọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò sì rí i rí. Yorùbá ni awakọ̀ náà ń sọ, òun ni ó ń gbọ́ lórí rédíò, òun ni wọ́n fi ń jiyàn ní gáréèjì. Àwọn awakọ̀ kò tilẹ̀ dúró dè wá kí wọ́n tó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò: bíréèkì, jíà, fíríì, táyà. Ohun tí wọn kò ní ni ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n láti fi àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣàlàyé ohun tuntun fún wọn.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹgbẹ́ wa mú iṣẹ́ yìí ṣe. Kí á kọ ìwé pélébé kan, ojú ìwé méjì péré, ní Yorùbá tí kò le. Kí á kọ́kọ́ kà á fún àwọn awakọ̀ tí ń gbé wa wọ inú ọgbà, kí wọ́n tún un ṣe fún wa níbi tí a bá ti ṣì í sọ. Lẹ́yìn náà kí á bẹ ilé-iṣẹ́ rédíò kí wọ́n kà á fún aráyé. A ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ọfọ̀ àti oríkì, ó dára, kí á má sì dẹ́kun. Ṣùgbọ́n bí èdè wa kò bá lè sọ fún bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin bí yóò ṣe pa 7,000 náírà mọ́ lọ́sẹ̀, ta ni a fẹ́ kí ó bá wa pa èdè náà mọ́?

Ọ̀rọ̀ mi kò ju báyìí lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ dẹ ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìmọ̀, ẹ má ṣe fi pa mọ́ fún ẹni tí ó ń wà yín.